Ẹ Má Tan Fáànù: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ fún Ẹni Tó Lọ Ṣe IT Nídìí Ẹ̀rọ Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó wọkọ̀ rárá. Wọ́n á gbọ́ pé Àbújá ni NASRDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, fi ṣe ibùjókòó, wọ́n á sì kó ẹrù lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn ní Lugbe. Bẹ́ẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó ni ẹ̀ka wọn tó ń ṣiṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó fi lẹ́tà SIWES ránṣẹ́, ìyẹn ètò IT tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́.

Èmi rí tèmi ní Àbújá, ní yàrá ìwádìí kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Mo rò pé iná la ó máa tàn lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, páìpù ni mo ń nù. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá kò sí nítòsí, mi ò fi ìfófò ọṣẹ yẹ àwọn oríkèé páìpù wò. Nígbà tí a ṣí gáàsì nitrogen sí i, agbára rẹ̀ ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì fi ọ̀sán kan wá ibi tó ń jò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé nitrogen ni. Hydrazine tí wọ́n ń lò bí epo nínú sátẹ́láìtì, májèlé ni.

Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń ti nǹkan lè máa ka kílò, kí ẹ̀yin máa kọ Newton, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára títì. Ẹ ti ṣì í ní ìlọ́po 9.81 nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ IT nìkan ló ń ṣe é o. Ní 1999, Mars Climate Orbiter tí Amẹ́ríkà rán lọ sí Máàsì ṣègbé, torí pé àwọn kan fi pọ́n-ùn ṣírò bí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń tì í, àwọn yòókù sì gbà pé Newton ni.

Ti fáànù wá ńkọ́? Lóṣù kẹta, tí wọ́n bá mú iná lọ, ìnfátà wa kì í gbé ju fáànù lọ, ooru Àbújá ò sì mọ ọmọ ẹlòmíì. Síbẹ̀, ẹ pa á. Ẹ̀rọ tó ń ti sátẹ́láìtì kékeré lè má ní ju agbára Newton kan lọ, bí ìwúwo ọgọ́rùn-ún gíráàmù péré. Atẹ́gùn fáànù á dà á rú. Ooru náà sì máa ń yẹ òdo òṣùwọ̀n kúrò láyè rẹ̀. Ẹ gbé ìwúwo tí ẹ mọ̀ lé e ṣáájú ìdánwò, kí ẹ tún gbé e lé e lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ṣe ti ẹ̀yìn yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin sì di òfo.

Lógbúùkù, ìwé tí ẹ ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí: ẹ má dúró di alẹ́ Sunday kí ẹ tó kọ ọ́.

Ẹ má sì gbé iṣẹ́ yìí wálé. Fídíò àwọn tó ń yọ́ ṣúgà pọ̀ mọ́ potassium nitrate láti fi ṣe epo rọ́kẹ́ẹ̀tì ń wu èèyàn, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbaná ni wọ́n ń gbé kaná yẹn. Àǹtí tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Lugbe ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń wá ìkòkò. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn gbé sítóòfù rẹ̀ wọ yàrá, ó sì tilẹ̀kùn.