Ẹ kà á sókè kí ẹ tó mú un wá
Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ mú ìtàn wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á sókè nílé. Ibi tí ahọ́n yín bá ti kọsẹ̀, ẹ tún gbólóhùn ibẹ̀ tò. Ojú ìwé méjì ti tó. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yín, ẹ má tíì fèsì, ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó nira lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò ní bá ìwé dé ilé òǹkàwé láti ṣàlàyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ náà, "ó dáa" nìkan ò tó. Ẹ tọ́ka sí ìlà tó dùn mọ́ yín, àti ibi tọ́rọ̀ ti rú yín lójú.