Kọ̀ǹpútà Ilé Ń Falẹ̀? Àwọn Àṣìṣe Tẹ́ Ò Gbọdọ̀ Ṣe Kẹ́ Ẹ Tó Ra Antifáírọ́ọ̀sì

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé tó ń falẹ̀, fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló ń bá a jà. Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀ ná, torí ibẹ̀ gan-an lowó àwọn èèyàn wa ti ń ṣòfò. Láptọ́ọ̀pù á pẹ́ kó tó tàn, Chrome á máa yí ṣáá kó tó ṣí, kíá ẹnì kan nínú ilé á ti ní "fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn", wọ́n á dáńlóòdù antifáírọ́ọ̀sì oríṣi méjì mẹ́ta, wọ́n á gbé e lọ fún ẹnjiníà kó lọ fọ́máàtì ẹ̀, owó á lọ, fọ́tò ìgbéyàwó á lọ, kọ̀ǹpútà ọ̀hún á ṣì máa falẹ̀ náà ni.

Àṣìṣe tó ga jù nìyẹn, kéèyàn máa lo oògùn láì tíì mọ àìsàn. Windows fúnra ẹ̀ ní ibi tó ti ń sọ ohun tó ń ṣe é fún yín, ọ̀fẹ́ ni, kò sì jẹ dátà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), Memory (RAM, ibi tó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lé) àti Disk (ibi tí fáìlì ń gbé) sí lókè. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tàn tán, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wá wò ó. Tí Disk bá wà ní 100% tí kò sọ̀kalẹ̀, tí láptọ́ọ̀pù yẹn sì jẹ́ tọ̀kúnbọ̀ tó ti pẹ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ hard disk àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀, èyí tó ń yí bíi 5,400 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, tó sì ní láti máa sún orí tó fi ń kàwé síwá sẹ́yìn kó tó rí ohun tó ń wá. Windows 10 àti 11 ò bá irú ẹ̀ rẹ́ rárá, nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kà tí wọ́n sì ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún un. Kò sí antifáírọ́ọ̀sì tó lè yanjú ìyẹn láyé. SSD, disk tí nǹkan kan kì í yí nínú ẹ̀, lẹ máa rà, 256GB tó fún iṣẹ́ ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó tàn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ lè ná sórí láptọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, èmi ò mọ èyí tó lérè tó ìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ Memory ló wà ní 85%, 90%, ẹ wo iye RAM tó ní. 4GB ò gbé Windows òde òní àti Chrome pa pọ̀ mọ́, pàápàá fún ẹni tó ń ṣí tab ogún tí kì í pa ìkankan. Tí RAM bá kún, Windows á máa kó èyí tí ò rí àyè lọ sórí disk, disk náà á wá dí, gbogbo ẹ̀ á dúró gbọin. Ẹ fi RAM kún un dé 8GB tí àyè bá wà, torí láptọ́ọ̀pù míì wà tí wọ́n ti jó RAM ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ wọ Startup apps nínú Task Manager yẹn kan náà, ẹ pa gbogbo ohun tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tẹ́ ò sì lò, Teams, Spotify, nǹkan tí printa gbé wá. Windows Security nìkan ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn.

Ooru náà ńkọ́? Lásìkò ọyẹ́ eruku máa ń dí ibi tí fáànù ti ń mí, CPU tó bá sì gbóná jù á dín eré ẹ̀ kù fúnra ẹ̀ kó má bàa jóná. Ẹ má máa lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n fẹ́ eruku inú ẹ̀ dànù.

"Ọ̀gá, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ o, àfi ká fọ́máàtì ẹ̀." Ẹni tó bá ti gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Computer Village n'Íkẹjà rí, tàbí sí ṣọ́ọ̀bù kékeré ládùúgbò, á ti gbọ́ gbólóhùn yẹn. Àwọn tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ níbẹ̀, mi ò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n fọ́máàtì ló yá jù fún ẹni tí ò fẹ́ wádìí. Ẹ má tètè gbà. Ẹ kọ́kọ́ fi CrystalDiskInfo wo ìlera hard disk yẹn, ọ̀fẹ́ ni, tó bá kọ Caution tàbí Bad sí i, hard disk ọ̀hún ló ń kú lọ, fọ́máàtì ò lè jí i, ẹ tètè kó fáìlì yín kúrò lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó bá tiẹ̀ kọ Good, ẹ ṣì kó fáìlì yín sórí disk ìta kẹ́ ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà fún ẹnikẹ́ni, torí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò mọ̀ pé ìwé ilé bàbá yín wà ní Desktop.

Ohun tó tún máa ń bí mi nínú ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fọ́máàtì. Wọ́n á fi Windows tí wọn ò sanwó fún sí i, wọ́n á wá fi activator jí i, ìyẹn ètò tó ń tan Windows pé wọ́n ti sanwó, lọ́pọ̀ ìgbà activator yẹn kì í sì í ṣiṣẹ́ àyàfi tí wọ́n bá pa Defender, antifáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá, tàbí kí wọ́n sọ fún un pé kó má wo ibì kan. Ọ̀pọ̀ activator àti crack tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé olè sínú, olè tó ń kó páswọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ tọ́jú sínú Chrome, títí kan ti báǹkì. Ẹ wò ó pé kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ gbé lọ torí fáírọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ ẹni tó tún un ṣe ló ti kó o. Ẹ yẹ tiyín wò lónìí: Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings, ẹ wá lọ sísàlẹ̀ dé Exclusions, ibi tí wọ́n ń kọ ohun tí Defender ò gbọdọ̀ wò sí. Ó yẹ kó ṣófo fún kọ̀ǹpútà ilé. Tẹ́ ẹ bá rí C:\ níbẹ̀, Defender tẹ́ ẹ gbójú lé ò wo nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá, ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ ṣe Full scan, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù yín láti orí ẹ̀rọ míì.

Ó wá kan àwọn sọ́fítíwià "afọ̀dọ̀tí", àwọn tó ń ní àwọn á fọ registry (ibi tí Windows ń kọ ètò ẹ̀ pa mọ́ sí) mọ́, àwọn á sọ kọ̀ǹpútà di ọ̀tun, àwọn ti rí wàhálà 1,400 lórí ẹ̀, ẹ sáà sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún wọn. Microsoft fúnra ẹ̀ ti sọ pé òun ò fara mọ́ kéèyàn máa lo ohun tó ń fọ registry, torí bó bá yọ èyí tí kò yẹ kó yọ, Windows lè kọ̀ láti tàn mọ́. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé irọ́ ni púpọ̀ nínú iye wàhálà tí wọ́n ń kà yẹn. L'Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, Office Depot àti Support.com gbà láti san mílíọ̀nù 35 dọ́là lórí ẹjọ́ tí FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, pè wọ́n. FTC ní oníbàárà á gbé kọ̀ǹpútà wá, wọ́n á bi í ní ìbéèrè mẹ́rin, ṣé ó ń falẹ̀, ṣé nǹkan ń yọ lójú ẹ̀, tó bá ti lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan, ètò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò á ní òun rí àmì fáírọ́ọ̀sì, ohun yòówù kó wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ilé ìtajà ńlá nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀bá títì. Lọ́dún 2024 FTC tún mú Restoro àti Reimage, àwọn tó ń ta irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn gbà láti san mílíọ̀nù 26 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ìkìlọ̀ èké tó jọ ti Windows dẹ́rù ba àwọn èèyàn, pàápàá àwọn àgbà. Kódà èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ò yọ sílẹ̀: lọ́dún 2017 àwọn afáìlìjalè wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe CCleaner, wọ́n fi ohun búburú sínú ẹ̀dà ẹ̀ tó ń jẹ́ 5.33, ojú ìwé CCleaner gangan làwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì ti gbà á. Disk Cleanup tàbí Storage Sense tó wà nínú Windows tó fún yín láti fi kó pàǹtírí dànù, kẹ́ ẹ ṣáà má jẹ́ kí C kún dé góńgó. SSD ò sì nílò kẹ́ ẹ máa defrag ẹ̀ (ìyẹn, kẹ́ ẹ máa tún fáìlì inú ẹ̀ tò), Windows ń tọ́jú ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Antifáírọ́ọ̀sì méjì pa pọ̀ ńkọ́? Rárá o. Fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì á jọ máa yẹ̀ wò, ọ̀kan á máa fura sí èkejì, kọ̀ǹpútà á sì máa wọ́lẹ̀. Ẹyọ kan ló tó. Ní tèmi, ẹyọ kan yẹn ni Defender tó bá Windows 10 àti 11 wá, tí kò béèrè owó, tí kì í yọ ìpolówó sí yín lójú. Àwọn kan á ní ohun ọ̀fẹ́ ò lè dáa, àmọ́ ẹ lọ wo àyẹ̀wò AV-TEST tó wà ní Magdeburg ní Jámánì, àti AV-Comparatives tó wà ní Innsbruck ní Austria, ẹ ó rí i pé Defender máa ń bá àwọn olówó du máàkì. Kẹ́ ẹ wá tún wo ibi tí wọ́n kọ Performance sí, torí wọ́n máa ń wọn bí antifáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dín eré kọ̀ǹpútà kù tó, ibẹ̀ lẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń falẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ kà tó bá fẹ́ ra èyí tó wù ú. Trial tó ti parí tó kàn jókòó síbẹ̀ tó ń pariwo "renew", ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, Defender á gba ipò ẹ̀.

Ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́ náà, torí antifáírọ́ọ̀sì ń rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣe. Lọ́dún 2024 FTC ní kí Avast, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe antifáírọ́ọ̀sì, san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, torí pé ó kó àkọsílẹ̀ ibi táwọn èèyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tà á. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títa antifáírọ́ọ̀sì Kaspersky lọ́hùn-ún, update ẹ̀ sì dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní September 29, nítorí náà ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston tàbí Maryland, tẹ́ ẹ bá ṣì ní i lórí kọ̀ǹpútà yín, ó ti di ògbólógbòó.

Àwọn mọ́mì àti dádì wa ló ń pe wa jù lórí èyí tó kàn yìí: "Ọmọ mi, ó ní fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ló wà nínú ẹ̀ o, ó ní kí n tẹ ibí." Ẹ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ojú ìwé kan ni wọ́n ti tẹ Allow sí láìmọ̀, bóyá níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù tàbí dáńlóòdù fíìmù, ojú ìwé yẹn ló ń fi orúkọ McAfee tàbí Windows ránṣẹ́ sí igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Kò tíì sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ Settings inú Chrome, Privacy and security, Site settings, Notifications, ẹ yọ gbogbo orúkọ tẹ́ ò mọ̀ lábẹ́ Allowed, ariwo yẹn á dákẹ́ wẹ́lo. Ẹ yẹ Extensions náà wò. Tí ìkìlọ̀ bá sì ní nọ́ńbà fóònù lára tó ní kẹ́ ẹ pe Microsoft, olè ni, ìkìlọ̀ Microsoft gidi kì í ní nọ́ńbà fóònù, ẹ má pè é, ẹ má sì fi AnyDesk, ètò tó ń jẹ́ kí ẹlòmíì darí kọ̀ǹpútà yín láti ọ̀nà jíjìn, sí kọ̀ǹpútà torí ẹni tẹ́ ò mọ̀.

Pípa update torí dátà, mo mọ̀ pé dátà wọ́n, àmọ́ ewu ẹ̀ pọ̀ ju owó ẹ̀ lọ. Ní March 2017 Microsoft gbé update jáde tó dí ihò kan, ní May ọdún yẹn WannaCry gba ihò yẹn kan náà wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri ayé, ó ti fáìlì wọn pa, ó ní kí wọ́n sanwó, àwọn ọsibítù NHS ní Ìlú Ọba ń dá aláìsàn padà sílé. Ẹni tó ti ṣe update oṣù March yẹn, kò rí i gbé ṣe. Dípò kẹ́ ẹ pa á, ẹ fi Wi-Fi fóònù yín sí Metered connection kó má bàa dédé jẹ dátà yín, Tuesday kejì nínú oṣù sì ni Microsoft máa ń gbé ti ààbò jáde, torí náà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ lọ síbi tí Wi-Fi ti dáa, ẹ yọ Metered, kẹ́ ẹ tẹ Check for updates.

Windows 10 fúnra ẹ̀ ti kọjá àsìkò, October 14, 2025 ni àtìlẹ́yìn ẹ̀ parí. Ẹ má wá torí ìyẹn ki Windows 11 mọ́ kọ̀ǹpútà tí kò gbà á lórí, torí ó ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kékeré inú kọ̀ǹpútà) àti CPU tí kò pẹ́ jù, ti Intel bẹ̀rẹ̀ látorí 8th generation lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún ESU, èyí tó ń gbé update ààbò dé October 13, 2026. Bí láptọ́ọ̀pù bá sì ti dàgbà kọjá ìyẹn, tó jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé kíkọ lásán làwọn ọmọ ń fi ṣe, ẹ fi Linux Mint, ètò tó lè gba ipò Windows, sí i. Ọ̀fẹ́ ni, kò nílò activator, ẹ lè kọ́kọ́ tàn án látorí fláàṣì kẹ́ ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà lórí disk.