Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Eré Ìrọ̀lẹ́ àti Àjọjẹ Rẹ̀

Ó ti tó ọdún díẹ̀ tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ kan sáré ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní agbègbè Bódìjà ní Ìbàdàn. A kì í sá ju kìlómítà 5 tàbí 6 lọ, lẹ́yìn náà ni a ó jókòó yí oúnjẹ ká. Ohun tí mo ti rí ni pé eré fúnra rẹ̀ kì í sábà tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká. Àṣìṣe tí ó wà láàárín eré àti oúnjẹ ni ó ń tú u.

Èyí tí ó burú jù lọ ni kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá dé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nígbà tí àwọn mìíràn ṣì wà lójú títì. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, dé ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí ó fi wọlé, àwọn kan ti ń ṣan ọwọ́, ẹran ti tán nínú ìkòkò, ẹni tí ń bu oúnjẹ sì ń ha ìsàlẹ̀ kúlà fún un. Ó kí wa, ó dúpẹ́, ó jẹ òkèlè méjì, ó sì lọ. Kò padà wá mọ́. Ẹnikẹ́ni kò bú u, ṣùgbọ́n ìkòkò tí ó bá lófìfo ti jẹ́ kí ó mọ̀ pé a kò retí òun.

Àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ asáré Hash House Harriers sílẹ̀ ní Kuala Lumpur ní ọdún 1938, tí wọ́n fi orúkọ ìnagijẹ ilé oúnjẹ wọn sọ ẹgbẹ́ náà, ti wá nǹkan ṣe sí irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àmì ni wọ́n ń tọ̀ lójú ọ̀nà. Bí àmì bá sì dáwọ́ dúró, àwọn tí ó wà níwájú ni yóò máa wá ọ̀nà tòótọ́ kiri títí àwọn tí ó wà lẹ́yìn yóò fi bá wọn. Kò di dandan kí a ṣe bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan tí ó mọ ọ̀nà dunjú máa sá kẹ́yìn gbogbo ènìyàn, kí àwọn tí ó sì kọ́kọ́ dé padà lọ pàdé àwọn tí ń bọ̀.

Àmàlà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí a bá rò ó kí eré tó parí, yóò tutù, yóò sì le, èyí sì ni àwọn tí ó tètè dé máa ń fi ṣe àwáwí láti bẹ̀rẹ̀. Gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata lè wà nílẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n kí a má ṣe da èlùbọ́ sínú omi gbígbóná títí ẹni tí ó ń sá kẹ́yìn yóò fi tẹ̀ wá láago pé ó ku kìlómítà kan. Iye orúkọ tí ó wà nínú ìwé ni kí a fi ka ẹran.

Ní oṣù Ramadan, àṣìṣe ńlá ni kí a fi eré sí àkókò tí ó ti máa ń wà, nígbà tí ọ̀fun àwọn tí ń gba ààwẹ̀ láàárín wa gbẹ jù lọ. Tiwa ni pé a máa ń rin kìlómítà 2 pẹ̀lú sùúrù, a ó sì jọ ṣínu.

Ní ti ojú ọ̀nà, ẹ má ṣe wọ aṣọ dúdú, ẹ má sì fi orin dí etí méjèèjì. Ní oṣù Kọkànlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù, bẹ́ẹ̀ ni gọ́tà tí kò ní ìdérí kò lóǹkà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà apá òsì ni ó yẹ kí ẹni tí ń sáré gbà, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá bá a, kí ó sì máa wẹ̀yìn nítorí àwọn ọlọ́kadà tí kì í tẹ̀lé òfin. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀bà ní aago márùn-ún kò gbọdọ̀ sáré ní aago mẹ́fà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ti tó o.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ, èyí tí ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ. Bí akápò bá ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé yóò dẹ́kun wíwá, yóò sì ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè. Ní tiwa, akápò nìkan ni ó mọ ẹni tí ó san àti ẹni tí kò san, a sì ti gba kóńgò èlùbọ́ kan dípò owó lọ́wọ́ ẹnì kan rí.