Ògiri kan ṣoṣo ló jẹ owó mi

Náírà 515,000 ni mo ná sára ògiri kan ṣoṣo kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí a sì wá rí i, ohun èlò tí a fi tún un ṣe kò ju náírà 4,500 lọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú mi tún ń ru.

Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, lápá Àpáta n'Íbàdàn, ilé àlòkù tó ti pẹ́. Kí n tó rà á, mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kéèyàn ṣe. Lọ́yà yẹ ìwé wò. A gbé sọ́fè lọ yẹ̀ wò bóyá ìjọba ti fàlà sí ilẹ̀ náà. A wá ẹbí tó kọ́kọ́ ta ilẹ̀ náà kàn, a jókòó tì wọ́n. Ìbẹ̀rù ọmọ onílẹ̀ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wa. Ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi yí i ká. Mo ṣí táàpù, omi yọ. Mo tẹ súìṣì, iná tàn. Mo ní ilé yìí mà mọ́ o. N kò bi ara mi pé kí ló dé tó jẹ́ yàrá kan péré ni wọ́n kùn lọ́dà tuntun nínú mẹ́ta, tí wọ́n sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan ti ògiri tó wà láàárín yàrá náà àti balùwẹ̀.

Ìgbà tí mo kó wọlé tán ni ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà wá láti Èkó, tó ní kí n jẹ́ ká yẹ ilé wò dáadáa. Wákàtí mẹ́ta gbáko. Èmi ni mo gun òkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti sanra jù fún ihò yẹn. Mo rí ọ̀nà tí ikán fi yẹ̀pẹ̀ mọ lára ògiri títí dé ìdí páànù. Mo ti síkúrú-dráfà bọ pákó méjì, ó wọlé bí ìgbà tí wọ́n ti ọ̀bẹ bọ búrẹ́dì. Páànù ti dípẹtà ní ojú ìṣó. Sílìn jẹ́ asbestos, ẹ̀gbọ́n mi sì pariwo láti ìsàlẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ fọ́ ọ, n kò gbọdọ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, torí eruku yẹn ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ti iná: kò sí wáyà kankan tó lọ sínú ilẹ̀, wáyà 1.5 tó yẹ fún gílóòbù ni wọ́n sì fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ń ki áyọ́ọ̀nù bọ̀. Kànga àti sókáwéè kò ju mítà 11 síra lọ, nígbà tó jẹ́ pé mítà 30 ni wọ́n ń dá nímọ̀ràn. Ìyẹn kò ṣeé tún ṣe lórí ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Omi kànga wa, aṣọ ni a fi ń fọ̀.

Gbogbo èyí tó ṣeé tún ṣe, mo pe káfíńtà, mo pe oníná, wọ́n ṣe é, ó parí. Ògiri yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí a gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, òórùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpò ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Láti ilẹ̀ dé ìbàdí mi, ọ̀dà ti ń ṣí. Ohun funfun kan bí iyọ̀ hù sára rẹ̀, tí mo bá sì fọwọ́ kàn án, á máa dà sílẹ̀ bíi gààrí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, omi ni. Ṣùgbọ́n wá ibi tí omi ti ń wá kí o tó náwó." Ó bá padà s'Ékòó. Mo gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́, n kò gbọ́ ìkejì.

Bíríkìlà àkọ́kọ́ dé, ó wo ògiri fún bí ìgbà téèyàn sín. "Mọ̀mí, ilẹ̀ ló ń fa omi. Wọn ò tẹ́ náílọ́ọ̀nù sórí ìpìlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni omi ń gun ògiri wọn láti ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó họ gbogbo rẹ̀ dé búlọ́ọ̀kù, ó fi sìmẹ́ńtì tó pò mọ́ ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé tún un rẹ́. Náírà 180,000. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, omi tún yọ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá Dádì sọ̀rọ̀. Dádì wo? Abújá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, kò sì mọ ìyàtọ̀ sìmẹ́ńtì sí èlùbọ́.

Akunlé ló tẹ̀ lé e. Ó ní ọ̀dà olóròóró ni ojútùú, omi ò ní lè gba inú ẹ̀ kọjá. Lóòótọ́ omi ò gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dúró sí, tí ọ̀dà fi ń wú kókó bíi púfúpúfú inú epo gbígbóná. Àwọn ọmọ mi ń fi ìka bẹ́ ẹ ṣeré. Náírà 95,000 nìyẹn.

Bíríkìlà kejì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ó gbé ẹ̀rọ ìdálu wá, ó dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó da oògùn sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n fún un ní oṣù mẹ́ta kí oògùn náà fi ta. Náírà 240,000, ó sì gba gbogbo owó ṣáájú. Mo sanwó náà tọkàntọkàn, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọyẹ́ wá dé. Gbogbo ìlú gbẹ, ètè ń la, aṣọ tí mo sá láàárọ̀ ti gbẹ kí n tó jẹun ọ̀sán. Ògiri mi ṣì tutù. Ó yẹ kí n ti ronú nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló ń fa omi, kí ló dé tí ògiri yòókù kò mu tiẹ̀, tó fi jẹ́ ẹyọ kan tó kẹ́yìn sí balùwẹ̀ nìkan?

Òkú ìyá ọkọ mi ló là mí lójú. A lọ sin ín l'Óńdó, a lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí a dé, táǹkì orí òpó gbẹ fúrúfúrú, bẹ́ẹ̀ ó kù díẹ̀ kó dé ìdajì nígbà tí a ń lọ. Mo ti dá ọmọkùnrin ilé kejì lẹ́bi nínú ọkàn mi, pé òun ló fo ògiri wá pọnmi. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo wọ yàrá àwọn ọmọ, mo fọwọ́ kan ògiri. Ó gbẹ. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi lára ògiri, mo ń ro ọ̀rọ̀ táǹkì, mo ń ro ọ̀rọ̀ ògiri, títí àwọn méjèèjì fi pàdé nínú orí mi. Ọmọ ọlọ́mọ ò fo ògiri kankan. Ògiri ló ń mu omi tí mo ń ra epo jẹnẹrétọ̀ fà.

Ní Sátidé, mo fa omi kún táǹkì. Mo ti gbogbo táàpù ilé pa, mo ti èyí tó wà lẹ́yìn ṣáláńgá olómi pàápàá pa. Mo gun àkàbà lálẹ́, mo fi máákà fàlà sí ibi tí omi dé. Nígbà tí mo padà gùn ún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti fi ìka kan lọ sílẹ̀. Lálẹ́ Sọ́ńdè, mo tún un ṣe, ṣùgbọ́n mo ti fáàfù tó ń lọ sí balùwẹ̀ nìkan pa. Omi ò kúrò lójú ìlà. Mo jó lórí àkàbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Púlọ́ńbà tí mo pè fẹ́ fọ́ táìsì balùwẹ̀. Mo ní rárá, wọn ò ta irú táìsì yẹn mọ́. Kó gba yàrá àwọn ọmọ wọlé, níbi tí ìrẹ́lé ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ jiyàn, mo dúró tì í. Búlọ́ọ̀kù kejì tó ṣí la ti rí i. Irin ìfàṣọkọ́ tí onílé àná kàn mọ́ balùwẹ̀, síkúrúù rẹ̀ kan gùn ju èyí tó kù lọ, ó sì gún páìpù omi. Ó ti dípẹtà, ó rí pupa bí obì, omi ń jò lẹ́nu rẹ̀. Orí irin yẹn ni mo ti ń fi aṣọ ìnura kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà.

Páìpù kékeré kan, ìsopọ̀ méjì, gọ́ọ̀mù: náírà 4,500. Mo fún púlọ́ńbà ní 15,000 fún iṣẹ́ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ lónìí ni mo fẹ́ ra ilé, n ò ní fún ẹnikẹ́ni lówó kí n tó sùn mọ́jú nínú ilé náà pẹ̀lú táǹkì kíkún àti ìlà máákà. Màá ní kí wọ́n gbé gbogbo ẹrù kúrò lára ògiri, kódà kí onílé bínú. Màá fi imú wọ yàrá ṣáájú ojú. Bí yàrá kan bá dán ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ òjò ni màá wá wo òrùlé, kì í ṣe ọ̀sán gangan bí èmi ti ṣe. Màá sì san owó fún ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, kó tó kan lọ́yà, torí lọ́yà mi ò gun òkè àjà.

A ṣì ń dúró kí ògiri gbẹ tán kí a tó rẹ́ ẹ, oṣù kan ti kọjá. Bíríkìlà kejì pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Mọ̀mí, ṣé ẹ rí i pé oògùn yẹn ṣiṣẹ́ bí mo ṣe wí?" Mo ní kó máa bọ̀ wá wò ó. Síkúrúù ọ̀hún wà nínú agolo mílíìkì lórí fíríìjì, mo ń dúró dè é.