Ohun tó yẹ kí ẹ sọ bí egbò ẹnu bá kọ̀ tí kò jinná

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá jókòó níwájú mi ni pé, "Ìgbà wo lẹ ti rí i?" Ìdáhùn tí mo sì máa ń gbà jù ni, "Ó ti ṣe díẹ̀." Nọ́ọ̀sì eyín ni mí, èmi ni mo ń kọ ìtàn àìsàn sílẹ̀ kí dókítà tó wọlé. "Ó ti ṣe díẹ̀" ò wúlò fún mi rárá. Ní ti jẹjẹrẹ ẹnu, iye ọjọ́ wà lára ohun tá a kọ́kọ́ fi ń ya egbò lásán sọ́tọ̀. Èyí tí èèyàn fi eyín gé fúnra rẹ̀ sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò san, ẹ má fi òògùn ìfọnu tàn án mọ́, ẹ gbé e wá.

Bí ẹ ò bá rántí ọjọ́ náà, ẹ so ó mọ́ nǹkan mìíràn. Ṣé ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí ibà ṣe yín kẹ́yìn? Ṣé ẹ ti rí i kí ẹ tó yọ eyín yẹn? Lẹ́yìn èyí ni ẹ sọ fún mi bóyá ojú kan náà ló jókòó sí. Egbò tó ń yọ síbí lónìí, tó san, tó tún yọ sọ́hùn-ún lóṣù tó ń bọ̀, kì í já mi láyà bí èyí tó dúró gbagidi síbì kan tó ń fẹ̀ sí i.

Bàbá kan sọ fún mi pé eyín tó ṣẹ́ ló ń gé òun ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, kò sí nǹkan míì. Mo ní, "Bàbá, ṣé wọ́n ti bá yín fá eyín náà?" Wọ́n ní ó ti tó oṣù méjì. Mo ní egbò ńkọ́? Wọ́n ní ó ṣì wà. Mi ò jẹ́ kí wọ́n délé kí wọ́n tún padà wá. Bí ohun tó ń gé èèyàn bá ti kúrò, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá, a ò lè máa di ẹ̀bi ru eyín mọ́. Dókítà gé bíńtín níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò yẹn nìkan ló lè fi hàn bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun, ojú lásán ò tó o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ìrora. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu kì í dun èèyàn. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, nígbà míì etí ni yóò ti máa ta èèyàn, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ṣe etí.

Kí ẹ tó wá, ẹ wo ẹnu yín níwájú dígí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ yọ eyín àtọwọ́dá bí ẹ bá ní in. Ẹ yí ètè síta, ẹ fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo erìgì àti àjà ẹnu. Ẹ wá fi aṣọ mímọ́ di ṣóńṣó ahọ́n mú, kí ẹ fà á sọ́tùn-ún, kí ẹ fà á sósì, kí ẹ gbé e sókè. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù, torí ibẹ̀ ló máa ń fara pamọ́ sí. Àwọ̀ funfun tí kò ṣeé nù kúrò yẹ kí dókítà rí i. Ẹ̀rù funfun ló máa ń ba àwọn èèyàn, àmọ́ èyí tó pupa, tó ń dán bíi felífẹ́ẹ̀tì, léwu ju funfun lọ. Ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀ wò: ṣé etí rẹ̀ le? Ẹ wá fọwọ́ pa ọrùn wò, bóyá kókó kan wà tí kì í lọ.

Ẹ má fi èyíkéyìí pamọ́ nínú ìwọ̀nyí: eyín tó ń mì láìsí ìdí, ojú eyín tá a yọ tó kọ̀ láti dí, eyín àtọwọ́dá tí kò wọlé dáadáa mọ́, ètè tàbí àgbọ̀n tó kú, ẹnu tí kò ṣeé là tán, oúnjẹ tó ń há lọ́fun, ara tó ń rù.

Ní ti sìgá, mi ò ní bá yín jà. Iye gan-an ni mo fẹ́. Dókítà máa ń sọ iye páálí lójúmọ́ di ìlọ́po iye ọdún: ẹni tó ń mu ẹyọ 10, ìdajì páálí, lójoojúmọ́ fún ọdún 20, wọ́n á kọ 10 sílẹ̀ fún un. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ tilẹ̀ ti jáwọ́. Áṣáà àti tábà jíjẹ náà wà nínú ẹ̀. Ọtí ńkọ́? Ewu ọtí àti sìgá pa pọ̀ ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ fíìfíì. Àmọ́ ẹni tí kò mu ìkankan kò bọ́: HPV, kòkòrò àrùn kan tó máa ń ràn nípa ìbálòpọ̀, wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀yìn ẹnu àti ọ̀fun.

Ẹ kó gbogbo òògùn yín wá nínú páálí wọn. Òògùn ọkàn kan wà, nicorandil, tó máa ń dá egbò sílẹ̀ lẹ́nu, methotrexate, tí wọ́n ń lò fún oríkèé ríro, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń lo èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó fi abẹ kàn yín, àmọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ẹ mú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé dání bó bá ṣeé ṣe. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé ohùn yín ti yí padà. Bí mo bá ń bi yín léèrè, mo máa ń wo ojú tirẹ̀ náà. Bó bá mi orí, màá kọ ìdáhùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín.