Bí mo ṣe tún rí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ̀ lẹ́yìn tí mo ti fi ìkan sílẹ̀

Àìsàn ìyá mi ló jẹ́ kí n fi ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ọdún kìíní. Mi ò kọ lẹ́tà kankan. Mo kàn di ẹrù mi, ó di ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù ibòmíràn, mi ò dárúkọ ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ti ń ṣe láti ọdún méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Wọn ò mú mi. Lọ́dún kejì mo sọ òótọ́, àmọ́ kò sí ìwé lọ́wọ́ mi. Wọ́n rò pé ṣe ni wọ́n lé mi.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé. Mo padà sí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ (ojú tì mí, ẹ má wulẹ̀ bi mí). Mo san gbèsè tó kù, mo kọ lẹ́tà ìkúrò, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ tiwọn: ọjọ́ tí mo lọ, ìdí rẹ̀, àti pé wọn ò lé mi. Mo gba ìwé èsì mi. Mo tún béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ìńdẹ́sì mi, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi orúkọ mi sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àjọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Wọn ò tíì ṣe é. Bí wọ́n bá ti ṣe tìẹ, béèrè bí wọ́n ṣe ń yọ orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀ kó o tó gba fọ́ọ̀mù ibòmíràn.

Mo ṣe fotokópì gbogbo rẹ̀ ní Tákìé, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì kó o lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Obìnrin tó gba fáìlì náà ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ "a kò lé e". Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, orúkọ mi jáde.

Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló máa gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní kó o tún JAMB ṣe. Èmi náà tún un ṣe.