Bẹ́ ẹ ṣe máa dá dátà qualitative àti quantitative mọ̀ yàtọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí próójẹ́ẹ̀tì, tí súpáfáísọ̀ ń bi pé irú dátà wo lẹ kó jọ, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Quantitative ń sọ iye: mélòó, eélòó, ó gùn tó báwo. Qualitative ń sọ irú nǹkan tó jẹ́ àti bó ṣe rí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé táwọn èèyàn bá ti rí nọ́ńbà báyìí, wọ́n á ní quantitative ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìdáhùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, bíi "ọjà Bódìjà ti wọ́n jù", qualitative ni, ó parí.

Tó bá wá jẹ́ nọ́ńbà, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in, kẹ́ ẹ wò ó bóyá èyí tó jáde nítumọ̀. Nígbà tí Kanu àti Okocha ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles, Kanu ń wọ 4, Okocha ń wọ 10, ẹ rò wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí méjì, 7 ló máa jáde, ṣé àwọn méjèèjì wá di Finidi tó ń wọ 7 nígbà yẹn nìyẹn? Nọ́ńbà jẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà matric, orúkọ lásán ni gbogbo wọn, qualitative ni. Iye góòlù tí wọ́n gbá wọlé ńkọ́? Quantitative.

Ibi tó ti máa ń dojú rú ni nọ́ńbà tó ń sọ ipò. Ẹ wo WAEC, A1, B2, títí dé F9. Òótọ́ ni pé 9 ju 1 lọ, àmọ́ ẹ lọ sọ ìyẹn fún màmá tó rí F9 lórí rìsọ́ọ̀tì ọmọ ẹ̀. Ó tò tẹ̀léra lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye, ordinal là ń pè é, ọ̀dọ̀ qualitative ló sì wà. Máàkì JAMB ò rí bẹ́ẹ̀, 250 fi máàkì 50 ju 200 lọ, iye gidi nìyẹn. "Mo gbà gan-an, mo gbà, mi ò gbà" tẹ́ ẹ ń fi 3, 2, 1 dípò ẹ̀ nínú questionnaire náà, ordinal ni. Ọ̀pọ̀ ń wá average ẹ̀, témi bá ni, màá kàn ka iye èèyàn tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Kẹ́ ẹ tó pín fọ́ọ̀mù jáde, tó bá jẹ́ ọjọ́ orí lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ 27 síbẹ̀, ẹ má ní kí wọ́n mú "26 sí 35". Ẹ lè kó 27 sínú ẹgbẹ́ tó bá yá, àmọ́ ẹni tó mú "26 sí 35", ẹ ò lè mọ iye ọdún ẹ̀ mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá padà lọ bi í.